Ẹyin àrọ̀ nínú ọyẹ́: ìdáhùn fún màmá wa tó kọ̀wé láti Kétu

Màmá wa kan ní Kétu ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀ kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Wọ́n ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Inú bàsíà mẹ́rin lẹ́yìnkùlé ni mo ti ń pa ẹyin àrọ̀. Nínú ọyẹ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá a, ó tó wákàtí 50 kí wọ́n tó pa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti di òwú funfun kó tó dìgbà yẹn. Ìgbà kejì, aládùúgbò mi ní kí n máa bu omi iná sí i. Wọ́n pa ní wákàtí 18, inú mi dùn gan-an, àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́ mo rí i pé ìrù ọ̀pọ̀ ló wọ́, wọ́n kàn ń yí po lójú kan. Àwọn tó kù ò dọ́gba, àwọn kan tóbi àwọn kan kéré. Ṣé omi ló ṣe é àbí ìyá ẹja ni kò dáa? Ṣé wọ́n á nà tí wọ́n bá dàgbà? Wọ́n tún ní omi gbígbóná ń sọ ẹja di akọ, ṣé òótọ́ ni?"

Màmá, ẹ kú wàhálà, ẹ sì kú àkíyèsí, torí wákàtí tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n rí ibi dì mú. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dùn yín jù. Àwọn tí ìrù wọn ti wọ́ ò ní nà mọ́ o. Ẹ má fi oúnjẹ ṣòfò lórí wọn, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíì bí ọmọ ẹja gidi. Omi ló fà á, lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìgbà àkọ́kọ́ ó tutù jù, ìgbà kejì ó gbóná jù ó sì tún ń lọ sókè sódò. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ìyá ẹja náà wà níbẹ̀, màá débẹ̀.

Ẹyin àrọ̀ fúnra ẹ̀, tẹmọ́mítà ni. Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ tipẹ́ ti ka wákàtí ẹ̀ sílẹ̀: tí omi bá wà ní dígírì 20, ó máa ń tó bíi wákàtí 57 kó tó pa, ní 21 bíi 46, ní 24 bíi 29, ní 28 bíi 22, ní 30 bíi 20. Ẹ wò ó dáadáa. Láti 20 dé 24, dígírì mẹ́rin péré, àsìkò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, àmọ́ láti 28 dé 30 wákàtí méjì péré lẹ fi jèrè. Torí náà nígbà tí ẹ sọ wákàtí 50 fún mi, mo ti mọ̀ pé tí a bá pa ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru, omi yín ò kọjá 20 sí 21. Wákàtí 18 náà sì ń sọ pé ó kọjá 30 fún ìgbà pípẹ́, àfàìmọ̀ ni kò fi ní kan 35 nígbàkigbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi iná sí i.

Ẹ lè ní ṣebí inú ilé ò tutù tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ rántí àmù. Ìgbà wo ni omi inú àmù máa ń tutù jù? Ìgbà ọyẹ́ ni, kò sẹ́ni tó gbé yìnyín sí i, atẹ́gùn ọyẹ́ ló gbẹ, ó ń fa omi kúrò lára àmù, omi tó ń lọ yẹn ló sì ń gbé ooru lọ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lójú bàsíà tí a ṣí sílẹ̀, omi inú ẹ̀ lè tutù ju yàrá tó wà lọ. Níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí ọyẹ́ ò ti le tó tiyín, mo jí lọ́jọ́ kan ní aago márùn-ún ìdájí, tẹmọ́mítà ara ògiri ń ka 24, mo ti èyí tó wà lọ́wọ́ mi bọ omi, ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dúró ní 21 àti díẹ̀. Mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí àwọ̀n. Àwọn ẹyin tó yè mọ́ kedere, wọ́n ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, èèyàn tiẹ̀ lè rí nǹkan kékeré tó ká kò nínú wọn, àwọn tó ti kú funfun bí ògì, òwú tín-ín-rín, irú èbu kan tó ń hù nínú omi, sì ti ń yọ lára àwọn funfun yẹn, ó ń na ọwọ́ mú àwọn alààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, tí òkúta ńláńlá yí ká, ẹ ò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín bí ìdájí oṣù Ọ̀pẹ ṣe ń rí lọ́dọ̀ yín.

Ohun tó ba ẹyin yín jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kì í ṣe òtútù nìkan ló ń ba ẹyin jẹ́ ní dígírì 21, òtútù ń fa ìrìn ẹyin sẹ́yìn ni, òwú yẹn ní tiẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹyin tó bá fi wákàtí 22 jáde ti sá lọ kí òwú tó dé, èyí tó fi 50 jókòó ni wọ́n ń bá nílé.

Ìgbà kejì wá ńkọ́, tí wọ́n yára? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń bẹ gbogbo ẹni tó ń pa ẹyin ẹja. Ọ̀pọ̀ wa rò pé omi gbígbóná kàn ń mú kí iṣẹ́ yá ni, bí ìgbà téèyàn tẹ ọ̀kadà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí 22 yẹn, nǹkan tó jẹ́ ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lásìkò tí ẹ po ẹyin mọ́ àtọ̀ akọ ti di ohun tó ní orí, tó ní ìrù, tí ọkàn ẹ̀ ń lù. Ibi tí egungun ẹ̀yìn máa dúró sí, iye ẹran ara tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń là sílẹ̀ láàárín wákàtí yẹn. Àwọn iṣẹ́ yẹn pọ̀, ooru kì í sì sún gbogbo wọn síwájú lọ́gbọọgba. Ẹ wo àkàrà. Tí epo bá gbóná jù, ẹ̀yìn ẹ̀ á ti pọ́n, á tiẹ̀ ti fẹ́ jóná, ẹ bù ú sí méjì, inú ẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀wà lílọ̀ tútù. Ọmọ ẹja tó wọ́ ìrù, báyẹn ló rí, apá kan ara ẹ̀ ti sáré lọ, apá kan ò bá a mọ́, ẹran ọ̀tún ò bá ti òsì dọ́gba, egungun sì tẹ̀ lé ẹran. Ooru tó pọ̀ tún ń mú kó jẹ oúnjẹ inú àpò abẹ́ ikùn ẹ̀ lájẹṣòfò, torí ara tó gbóná ń ná ju èyí tó fi ń kọ́lé lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń pa ní kékeré nígbà míì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíá ni wọ́n pa.

Kì í ṣe lára àrọ̀ nìkan ni wọ́n ti rí i. Lára salmon, ẹja omi tútù àwọn òyìnbó, iṣẹ́ kan jáde ní 2008: wọ́n pín ẹyin sí dígírì 2, 5, 8 àti 10, títí ojú ọmọ fi hàn nínú ẹyin, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n kó gbogbo wọn sínú omi kan náà, wọ́n tọ́ wọn dàgbà. Nígbà tí wọ́n wá ka okùn ẹran ara wọn lágbà, wọn ò dọ́gba, àwọn ti dígírì 5 ló ní i jù, àwọn ti 10 tó kọ́kọ́ yára tó sì kọ́kọ́ tóbi ò ní tó wọn. Ẹja ti lo ọdún lẹ́yìn ẹ̀, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó fi wà nínú ẹyin ṣì ń sọ̀rọ̀ lára ẹ̀. Ní 2012 àwọn míì tún ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú zebrafish, ẹja wẹ́wẹ́ onílà yẹn, ní 22, 27 àti 32, wọ́n tọ́ gbogbo wọn ní 27 títí wọ́n fi dàgbà, nígbà tí wọ́n wá yí omi padà sí tútù tàbí gbígbóná, bí àgbà ẹja yẹn ṣe lágbára láti wẹ̀ tó ṣì ń tẹ̀ lé omi tí wọ́n bá nínú ẹyin. Ẹ má mú nọ́ńbà salmon wá bá àrọ̀ o, dígírì 5 á pa àrọ̀ kíá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ẹja kọ̀ọ̀kan ní ibi tó bá a lára mu, èyí tó sì yára jù kọ́ ni èyí tó dáa jù.

Fún àrọ̀ wa, 27 sí 29 ni mo máa ń wá nígbà ẹyin, mo sì fẹ́ràn 26 tó dúró lójú kan ju 28 tó ń fò lọ fò bọ̀. Tó bá ń kọjá 32, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́.

Ó yá, báwo lẹ ṣe máa ṣe é ní Kétu láìsí ẹ̀rọ ńlá? Ẹ ní nǹkan kan tí ẹ ò kà sí. Omi kàǹga jíjìn, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde kì í mọ ọyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń wà ní bíi 27 sí 28 lágbègbè wa yípo ọdún, torí ilẹ̀ tó jìn ń tọ́jú ooru. Mo mọ̀ pé omi ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ Kétu, ẹ ò sì ní fi ṣòfò, àmọ́ òru kan ṣoṣo lẹ nílò ẹ̀ fún. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ ò ní atẹ́gùn tó, ẹ má tú u lé ẹyin lórí ní tààrà. Ẹ kọ́kọ́ máa bù ú láti inú garawa kan sí òmíì láti òkè, ìgbà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ fi pọ́ǹpù kékeré fẹ́ atẹ́gùn sí i fún bíi wákàtí kan.

Èkejì, ẹ gbé bàsíà ẹyin sínú bàsíà tó tóbi jù ú lọ, kí omi wà láàárín àwọn méjèèjì. Omi tó pọ̀ kì í yára tutù. Ẹ bò ó lójú pẹ̀lú pákó tàbí fóòmù, kẹ́ ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ìbòrí yìí nìkan lè gbà yín lọ́wọ́ dígírì méjì sí mẹ́ta nínú ọyẹ́, torí ó dí ọ̀nà tí àmù ń gbà tutù. Ẹ gbé e wọlé, ẹ má fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìnkùlé yẹn náà ni oòrùn ti ń bá a lọ́sàn-án, bàsíà dúdú nínú oòrùn aago méjì lè lọ sí 35 lójú yín báyìí, kó sì tún já sí 21 kílẹ̀ tó mọ́, ẹyin ò sì lẹ́sẹ̀ tó fi máa sá.

Tó bá di dandan kí ẹ lo omi iná, omi tó wà lóde, láàárín bàsíà méjèèjì, ni kí ẹ fi mú gbóná. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú bídọ́ọ̀nù, ẹ dé e pa, ẹ gbé bídọ́ọ̀nù náà sínú omi òde yẹn, kó máa tú ooru ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Dígírì kan ní wákàtí kan ti tó. Èyí tó bá sì jẹ́ omi tẹ́ ẹ fẹ́ pò sílẹ̀ kí ẹyin tó wọ̀ ọ́, ẹ lè ṣírò ẹ̀: tí ẹ bá ní lítà 80 tó wà ní 22, tí ẹ sì fẹ́ kó dé 27, omi tó wà ní 60 á tó bíi lítà 12, kì í ṣe èyí tí aládùúgbò kàn máa ń fojú wọ̀n. Ẹ pò ó, ẹ fi tẹmọ́mítà wò ó, kí ẹyin tó wọlé. Ẹ dákun, ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tẹ́ ẹ ti tilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn tì í. Èéfín èédú tí a ò rí tí a ò gbóòórùn ẹ̀ yẹn ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹja tó bá kú, a lè dá òmíì.

Ọ̀rọ̀ ìyá ẹja rèé. Àkókò láti ìgbà tẹ́ ẹ gún un lábẹ́rẹ́ họ́mọ́ònù, èyí tó ń mú kí ẹyin gbó, sí ìgbà tẹ́ ẹ máa fún ẹyin jáde, ooru omi náà ló ń pa á láṣẹ. Ní 28 bíi wákàtí 8, ní 25 bíi 11, ní 24 bíi 12, ní 20 ó ń lọ sí 21. Èyí tí mo ń rí jù nínú ọyẹ́ ni pé wọ́n kọ́ èèyàn ní "wákàtí 10" nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wá gbé wákàtí 10 yẹn lọ bá omi tó wà ní 22, ẹyin ò tíì gbó, wọ́n fi ọwọ́ fún ikùn ìyá ẹja títí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá a jáde. Ẹyin tí ò gbó kì í gba àtọ̀, funfun ló máa dà, ó sì di oúnjẹ òwú. Èyí tó gbó rékọjá náà burú, torí ẹyin tó ti pẹ́ jù nínú ìyá lè bí ọmọ tó wọ́ láìjẹ́ pé omi ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ni mo ṣe ní ọwọ́ ìyá lè wà níbẹ̀. Kí ẹ tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ẹ pín ẹyin ìyá kan ṣoṣo sí bàsíà méjì, ọ̀kan nínú omi tó dúró ní 28. Tí àwọn ibẹ̀ náà bá wọ́, ìyá ni tàbí àkókò fífún, tó bá jẹ́ bàsíà kejì nìkan ló wọ́, omi ni.

Àwọn tó tọ́ ìrù tó kù lọ́wọ́ yín, wọ́n ṣì ní ìrètí gan-an. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ torí pé ọjọ́ kẹta pé. Ní 28 ni àpò oúnjẹ abẹ́ ikùn wọn máa ń tán ní bí ọjọ́ mẹ́ta, nínú omi tútù ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tẹ́ ẹ bá dà sí i ṣáájú á kàn jẹrà sísàlẹ̀ ni. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife gíláàsì, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: tí ẹ bá ṣì rí nǹkan roboto lábẹ́ ikùn, tí wọ́n kó jọ sí igun tí wọn ò lọ síbì kan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tí roboto yẹn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ káàkiri bí ẹni ń wá nǹkan, ìgbà yẹn ni kí oúnjẹ dé, artemia, ẹ̀dá omi wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ẹja, ló dáa jù.

Àti pé ẹ má rò pé torí àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́ lókè, ọmọ ẹ̀ náà lè ṣe é. Ẹ̀yà ara tó fi ń mí lókè yẹn kì í tíì sí ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, inú omi nìkan ló ti ń rí atẹ́gùn, omi gbígbóná kì í sì gba atẹ́gùn púpọ̀: ní 20 omi tó mọ́ lè gbé bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan, ní 30 bíi 7.5. Ara wọn ń bèèrè sí i lákòókò tí omi ní díẹ̀ láti fún wọn. Pọ́ǹpù atẹ́gùn ò gbọdọ̀ kú lóru, tí iná bá ń lọ ládùúgbò yín ẹ wá èyí tó ń lo bátìrì.

Èyí tí ẹ ní wọn ò dọ́gba, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù fún yín báyìí. Bàsíà mẹ́rin, ooru mẹ́rin, àwọn kan pa ṣáájú, wọ́n jẹun ṣáájú, àrọ̀ tó bá sì ti fi díẹ̀ tóbi ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ ẹ̀ ló máa jẹ. Ẹ máa rí i tí ìrù ẹnìkejì yọ jáde lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kékeré tí ara wọn pé máa bá àwọn ẹgbẹ́ wọn tí oúnjẹ bá kárí.

Ọ̀rọ̀ akọ, òótọ́ wà nínú ẹ̀. Lára tílápíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa: tí omi bá wà ní bíi 36 fún ọjọ́ bíi mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ láti bí ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí àtọ̀ bá ẹyin, akọ máa ń pọ̀ sí i, torí ìgbà yẹn ni ara ń pinnu ohun tó máa jẹ́. Lára àrọ̀ náà, iṣẹ́ kan jáde ní 2016 tó fi hàn pé 36 láàárín ọjọ́ kẹfà sí ìkẹjọ lẹ́yìn pípa lè sọ ọ̀pọ̀ di akọ. Ẹ rí i pé àwọn tó ti pa nìyẹn, kì í ṣe ẹyin, ọjọ́ díẹ̀ sì ni, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dí i mú ṣinṣin. Omi iná inú bàsíà ò lè ṣe é, òkú ló máa fún yín. Ní tèmi, ẹ gbàgbé ẹ̀ fún ìsinsìnyí.

Ẹ ra tẹmọ́mítà, kì í wọ́n, ẹ má lo ọwọ́, torí ọwọ́ tó tutù nínú ọyẹ́ á pe 24 ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Tí kò bá sí lọ́jà, Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà níbẹ̀ ní Kétu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè bá yín wá a. Kí ẹ tó tún gún ìyá ẹja kankan lábẹ́rẹ́, ẹ rọ omi lásán sínú bàsíà tẹ́ ẹ ti bò bí mo ṣe wí, kí ẹ kà á fún òru mẹ́ta: aago mẹ́wàá alẹ́, aago márùn-ún ìdájí, aago méjì ọ̀sán. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ṣírò wákàtí abẹ́rẹ́ àti wákàtí pípa kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹja.